Àjàyí, Àìná àti Àbákẹ́: Ọmọ Mẹ́ta Tí Ogun Gbé Kúrò Nílé

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn wa. Ẹ mọ̀ pé akáúńtáǹtì ni mí, n kì í ṣe òpìtàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣí ìwé, kí n wo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí n sì béèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí n kò rí. Ọ̀nà yẹn náà ni mo fẹ́ gbà bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Ohun kan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ bọ́ sí ilé-ìwé girama, èmi àti òun jókòó ti fọ́ọ̀mù lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti fẹ́ máa kọ orúkọ rẹ̀ nígbà tó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ òyìnbó mi nìkan." Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ó ti sú òun. Ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ń pe orúkọ, tó bá ti kan òun, ẹni tó ń pè é á dúró, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì yíjú sí òun. Orúkọ tí bàbá mi fi ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù láti Ìbàdàn, ní ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ náà lórúkọ, ni ó ń sọ pé kí n yọ. N kò bá a wí, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Ilẹ̀ ti ṣú, iṣẹ́ ń dúró dè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kọ ohun tó fẹ́, mo buwọ́ lù ú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣé ẹni tí kò mọ ilé yóò mọ ìdí tí wọ́n fi sọ òun lórúkọ? Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ilé lónìí, nípa ọmọ mẹ́ta tí kò fẹ́ kúrò nílé, ṣùgbọ́n tí ogun gbé wọn lọ.

ÌWÉ TÍ WỌ́N KỌ WỌ́N SÍ

Ní ọdún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí àwọn ènìyàn wọn má ṣe òwò ẹrú mọ́. Wọ́n rán ọkọ̀ ogun sí etíkun Áfíríkà kí wọ́n máa mú àwọn ọkọ̀ tó bá kó ẹrú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Níbẹ̀, akọ̀wé á jókòó ti ìwé ńlá kan, á máa kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, bí ó ṣe ga tó, àti àmì tó wà lára rẹ̀, irú bí ilà ojú. Láti 1808 títí di 1848, ó lé ní 80,000 ènìyàn tí wọ́n kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwé wọ̀nyí ṣì wà ní Freetown, àwọn ẹ̀dà kan sì wà níbi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ní Kew, ní London níbí.

Mo ti rí àwòrán díẹ̀ nínú ojú ewé wọn. Gẹ́gẹ́ bí akáúńtáǹtì, mo gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n fara balẹ̀ ṣe é. Ìlà wọn tọ́, nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó ni mo ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ ìyá ọmọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó ń wá ọmọ náà kiri nílé. Orúkọ tí wọ́n kọ náà, bí etí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ọmọ Yorùbá ní láti kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó mọ̀ pé orúkọ ilé òun ni.

Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ogun kó ní ọ̀rúndún náà, ìtàn àwọn díẹ̀ la mọ̀. Àwọn mẹ́ta ni mo mú wá. Ọ̀kan gba Sàró kọjá, ọ̀kan dé Ìlú Ọba níbí, ọ̀kan sì dé Amẹ́ríkà.

ÀJÀYÍ ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Àjàyí ni à ń pe ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé. Èyí tí mo ń sọ yìí ni wọ́n bí ní Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 1807. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó ń dàgbà, ìjọba Ọ̀yọ́-Ilé ń tú ká, Ìlọrin ti yapa, ogun sì ń kó ìlú kan tẹ̀lé òmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì sáré padà sójú ìjà. Ọmọ náà kò fi ojú kàn án mọ́. Àjàyí, tí kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, àti ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, gbogbo wọn ni ogun kó. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n ń fà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837. Ìdí nìyẹn tí àwa náà fi mọ̀ ọ́n.

Ní Ìsẹ́yìn wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sí apá kan, Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ kejì bọ́ sọ́wọ́ olórí ogun. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọmọ kan, ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n ní ẹṣin náà kò dára. Olórí ogun dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá ọmọ padà fún un. Ẹṣin tí kò dára yẹn ló jẹ́ kí Àjàyí tún rí ìyá rẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, torí ìlú kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Ó ń pa koríko fún ẹṣin, ó sì ń yọ́ lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n dè é lálẹ́ ọjọ́ kan láìsọ ohunkóhun fún un, wọ́n sì mú un lọ sí ọjà lọ́jọ́ kejì.

Láti ibẹ̀, wọ́n ń ta á láti ọwọ́ kan dé òmíràn. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé kí wọ́n má tà á fún àwọn Potogí létí òkun. Ó jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn òru kan wà tí òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun gba ẹ̀mí òun, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. N kò fi èyí pamọ́ fún ẹ̀yin ọmọ, torí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn náà ti wà nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ rí, ilẹ̀ sì mọ́ bá a. Bí irú òru bẹ́ẹ̀ bá dé bá ọ̀kan nínú yín, ẹ má dá a gbé. Ẹ jí wa.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù náà dé bá a. Wọ́n tà á fún àwọn Potogí ní Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, òun pẹ̀lú àwọn yòókù tí iye wọn jẹ́ 187. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì ká wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin mélòó kan sínú ọkọ̀ ogun, ẹ̀rù tún bà wọ́n. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́, tí awọ rẹ̀ funfun, wọ́n sì rí ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò jọ sórí ọkọ̀. Wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni èkíní, orí ènìyàn sì ni èkejì. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lásán ni, àti irin. Ọmọdé ni ọmọdé ń jẹ́, ibikíbi tó bá wà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822, wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown. Wọ́n mú Àjàyí lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Bathurst, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dúró lé ni èyí. Sàró kún fún àwọn ọmọ Yorùbá nígbà náà, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí bí a ṣe máa ń kí ara wa pé ẹ kú eléyìí, ẹ kú ìyẹn. Àjàyí gba orúkọ tuntun, ó gba ẹ̀sìn tuntun, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, ṣùgbọ́n kò sọ èdè ìyá rẹ̀ nù láàárín wọn. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Lẹ́yìn náà ló padà sílé, ó gba Àgbádárìgì kọjá, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ dé. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ti kọjá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá. Nígbà tí ohùn ìyá wá jáde, Àjàyí kò nílò ògbufọ̀. Ẹ̀yin òbí, mo kà á dé ibẹ̀, mo pa ìwé dé. Ọmọ tó ń gbé inú ilé mi, ṣé ó lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ láìsí èmi láàárín wọn?

Gbogbo wa la mọ ìyókù. Wọ́n fi í joyè Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ayé kò sì rọ̀ fún un títí dé òpin, nítorí ní 1890 àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọn kò tó ọmọ bíbí inú rẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbègbè odò Ọya. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

ÀÌNÁ ỌMỌ ÒKÈ-Ọ̀DÀN

Àìná ni orúkọ ọmọbìnrin tí ìwọ́ bá yí mọ́ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí Àìná, wọ́n sì mú òun lọ sí ààfin Ọba Gẹ́zò. Kò tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì.

Ní 1850, ọ̀gágun ojú omi kan láti Ìlú Ọba, Frederick Forbes, wá bẹ Gẹ́zò pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Gẹ́zò kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó ẹ̀bùn fún un láti fún Ọbabìnrin Victoria. Àìná wà lára ẹ̀bùn náà. Forbes mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ ọ́, ikú ló kàn fún ọmọ náà, ó sì gbà á. Orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Nínú orúkọ mẹ́ta yẹn, ẹ̀yin ọmọ, kò sí ọ̀kan tó sọ bí wọ́n ṣe bí i, èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1850, ó fojú kan Ọbabìnrin ní Windsor. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gba ìnáwó rẹ̀ sọ́rùn. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Forbes kú. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí kò bá ọmọ náà lára mu, ni wọ́n bá rán an lọ sí ilé-ìwé ní Freetown. Ní 1855 wọ́n tún ní kó padà wá. Ẹ jẹ́ kí a kà á bí oníṣirò: Òkè-Ọ̀dàn, Dàhọ̀mì, Ìlú Ọba, Sàró, Ìlú Ọba. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fà á tu bí ẹ̀gẹ́, kò sì sí ìgbà kan tí ó jẹ́ òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló gbé e dúró? Nígbà tó padà dé, wọ́n fi í sílé ìdílé Schön ní Gillingham, ní Kent. James Schön yìí kan náà ló bá Àjàyí Crowther rin ìrìn-àjò odò Ọya ní 1841, ó sì mọ ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú àwọn lẹ́tà tí Àìná kọ sí ìyàwó Schön, "Màmá" ló ń pè é. Ẹni tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ lójú ogun tún rí ẹni pè ní ìyá. Nígbà tí ọkùnrin kan wá ń fẹ́ ẹ, ìyá yìí náà ni ó kọ̀wé sí láti tú ọkàn rẹ̀ jáde pé òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, òun kò sì ní tìtorí owó lọ́kọ. Síbẹ̀, ó fẹ́ ẹ níkẹyìn, ní Brighton, ní oṣù kẹjọ ọdún 1862. James Labulo Davies ni ọkọ náà, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Sàró, oníṣòwò ńlá ní Èkó. Àìná padà sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú rẹ̀. Ó bí ọmọ mẹ́ta, Victoria, Arthur àti Stella. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní Madeira ní 1880. Àwòrán rẹ̀ wà ní London, àmì ìrántí rẹ̀ sì wà lára ilé náà ní Gillingham. Ẹ lè fi ọjọ́ Sátidé kan mú àwọn ọmọ lọ wò ó.

ÀBÁKẸ́ TÓ DÉ ALABAMA

Àbákẹ́ kì í ṣe orúkọ àmútọ̀runwá. Oríkì ni, ọmọ tí gbogbo ilé ń du láti kẹ́. Ọmọ ọdún méjì péré ni èyí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní 1860 wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Clotilda, pẹ̀lú nǹkan bí 110 ènìyàn. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ẹrú wọlé mọ́ láti òkèèrè, nítorí náà òru ni wọ́n fi kó wọn wọ Mobile ní Alabama, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí àwókù rẹ̀ nínú odò.

Wọ́n ta ìyá àti ọmọ. Méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n tà sí ibòmíràn, wọn kò sì rí wọn mọ́. Ìyá gbìyànjú láti kó àwọn ọmọ tó kù sá lọ, wọ́n rí wọn mú. Matilda ni wọ́n sọ Àbákẹ́. Ní 1865 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ lómìnira, ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro kí wọ́n tó jẹun.

Ọmọ ọdún méjì kò lè rántí ilé. Síbẹ̀, títí tí Àbákẹ́ fi darúgbó, ó mọ ibi tí wọ́n ti jí i gbé, ó mọ ohun tí ilà ojú rẹ̀ jẹ́, ó sì ń di irun rẹ̀ bí àwọn Yorùbá ṣe ń di í. Ta ló sọ fún un? Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá yẹn kò ní ìwé, kò ní owó, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ló ní, ó sì fi sọ ìtàn fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ wá wo èso ohun tí ìyá sọ. Ní ọdún 1931, Àbákẹ́ ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó fi ẹsẹ̀ rìn tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí kóòtù ní Selma, ó sọ fún adájọ́ pé wọ́n jí òun kó láti Áfíríkà, ó sì béèrè ẹ̀tọ́ òun. Wọn kò fún un ní kọ́bọ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1940. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó lọ síbẹ̀, ìwé ìròyìn kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni òpìtàn kan ní ilẹ̀ yìí fi rí i, tó sì gbé e jáde ní 2020. Ìgbà náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, tóun náà ti di arúgbó, tó mọ ìdí tí ìyá àgbà wọn kò fi jọ ẹlòmíràn.

OHUN TÍ MO RÍ NÍNÚ ÌWÉ

Ẹ̀yin èèyàn mi, a máa ń sọ pé "ọmọdé ni, yóò gbàgbé," tàbí pé ọmọdé lágbára, kò sóhun tí wọn kò lè fara dà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ogun kó ló là á já. Àwọn tí òkun gbé mì kò kọ lẹ́tà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Àjàyí bo ẹ̀ṣẹ̀ òwò ẹrú mọ́lẹ̀, kó sì ní ó kúkú di Bíṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo rí ni pé, níbi tí ọmọ bá ti dìde lẹ́yìn ìpọ́njú, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Oṣù mẹ́ta tí Àjàyí fi tún rí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn Akú tó ń bá a sọ èdè rẹ̀ ní Sàró náà wà níbẹ̀. Ní ti Àìná, obìnrin kan ní Gillingham gbà kó pe òun ní Màmá. Ní ti Àbákẹ́, ẹnu ìyá ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí kò bá sí àgbà lọ́jà, orí ọmọ a máa wọ́, bó ti wù kí ọmọ náà lágbára tó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tó yà mí lẹ́nu gidigidi. Ọmọ ọmọbìnrin Àjàyí Crowther ni Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀. Macaulay àti Stella, ọmọ Àìná, bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Abigail Ìdòwú: Sarah ni ti ìyá Stella, Abigail ni ti ìyá Macaulay. Láti ọ̀dọ̀ Ìdòwú ni ìran náà ti dé ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Èkó, Stella Ameyo Adadevoh. Ní oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí aláìsàn kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia, Dókítà Adadevoh ló fura, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde ní ọsibítù, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kó máa lọ. Àrùn náà ran òun fúnra rẹ̀, ó sì pa á ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin àti ọmọ tí wọ́n fi tọrẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn pàdé lára obìnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ikú má bàa wọ ìlú. Kò sí akọ̀wé tó lè kọ iye ọmọ kan sínú ìwé.

Lónìí náà, ogun ṣì ń lé ọmọ kúrò nílé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ogun Sudan ti tú ìdílé ká lọ́nà tó burú, àwọn ọmọ mìíràn sì ń dá gba orí omi dé ilẹ̀ yìí láìsí òbí. Wọ́n wà ní àdúgbò wa, wọ́n wà ní kíláàsì àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá rí ọmọ tuntun tí orúkọ rẹ̀ ṣòro láti pè, ẹ bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn, kí ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, kíláàsì èdè Yorùbá tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe, ẹ má fi ṣe ohun tí a ó ṣe bí àyè bá wà. Okùn tí ọmọ yóò dì mú lọ́jọ́ ìṣòro ni.

Ní ti ọmọ mi, mo sọ ìtàn àwọn mẹ́ta yìí fún un bí mo ṣe ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn láìbá a sọ̀rọ̀. Kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo àwòrán Bíṣọ́ọ̀bù, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Àjàyí ṣì wà láàárín orúkọ wọn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Samuel Àjàyí Crowther, kò kúrò níbẹ̀. Ó tún dákẹ́. Ó wá bi mí bí bàbá mi ṣe wá yan orúkọ tí wọ́n sọ òun. Òru ọjọ́ yẹn, mo pe Ìbàdàn, mo gbé tẹlifóònù lé e lọ́wọ́, mo sì jáde kúrò nínú yàrá. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ṣì wà láàárín èmi àti òun. Nígbà tó bá ní kí a tún un kọ, a ó tún un kọ.

Olúwa kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wa sọnù. Kò ní jẹ́ kí ogun kó wọn, kò sì ní jẹ́ kí àlàáfíà mú wọn gbàgbé ilé.